Láti Etí Òkun dé Orí Òkè: Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Òkè Pípọ́n Lọ́wọ̀ọ́wọ́

Àkòrí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè béèrè pé kí ni ó kan ọmọ Èkó, pàápàá jù lọ ọmọ Marine Beach ní Àpápá, nínú òkè pípọ́n? Ìbéèrè náà kò burú. Ẹni tí kò bá béèrè ọ̀nà ni ó ń ṣìnà.

Ẹni tí ó bá dúró ní Marine Beach, tí ó wo ọ̀tún, tí ó wo òsì, kò lè rí òkè kankan. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ ibẹ̀, ọ̀sà kò sì jìnnà sí i. Ní apá kan ni èbúté Àpápá wà, níbi tí ọkọ̀ òkun ńláńlá ti ń já ẹrù láti ọdún 1926. Ní apá kejì ni Ajégúnlẹ̀ wà, ìlú tí Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìlàjẹ, Ẹ̀dó àti Haúsá ti ń gbé pọ̀ bí ẹni pé ìyá kan náà ni ó bí wọn. Àwọn ohun tí ó ga tí ojú ọmọ ibẹ̀ mọ̀ kò ju afárá, kéréènì tí ń gbé ẹrù nínú èbúté, àti kọ̀nténà tí wọ́n tò jọ lórí ara wọn. Bí òjò bá rọ̀, ibi tí omi yóò gbà jáde ni àwọn ará ibẹ̀ ń wá. Wọn kì í ronú nípa ibi tí ènìyàn lè gùn. Ọmọ mìíràn lè di ọmọ ogún ọdún kí ó tó fi ojú ara rẹ̀ rí àpáta kan tí ó ga ju ilé lọ. Yorùbá sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko bí ti baba òun.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ fi hàn ni pé òkè pípọ́n lọ́wọ̀ọ́wọ́ jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ máa fi kọ́ ọmọ, àti pé ọmọ tí a bí sí etí òkun ni ó nílò rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mú kúrò lójú ọ̀nà ni èrò àwọn tí ó gbà pé àṣà òyìnbó ni òkè pípọ́n. Òótọ́ ni pé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1857, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Alpine Club sílẹ̀, tí ó jẹ́ pé òkè pípọ́n ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ náà tó dé ilé ayé, Yorùbá ti ń pọ́n òkè. Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ní ọdún 1830, abẹ́ àpáta Olúmọ ni wọ́n forí pamọ́ sí. Abẹ́ òkúta yìí gan-an ni ìlú náà fi ń jẹ́ Abẹ́òkúta títí di òní. Ìtàn àwọn ará Ìbàdàn sọ pé òkè ni ó gba àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ìlú wọn dó sílẹ̀ nígbà ìpọ́njú, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń bọ Òkèbàdàn lọ́dọọdún. Àwọn ará Ìdànrè ní tiwọn kò wulẹ̀ sá sí òkè kí wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀. Orí òkè gan-an ni wọ́n fi ṣe ìlú. Orí rẹ̀ ni ààfin Ọwá wà, orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé-ẹjọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ sí pẹ̀lú. Kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n ti ń gbé ìsàlẹ̀ òkè. Ní ọdún 2007, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ibi tí ó lè di ogún gbogbo àgbáyé.

Kí ni àwọn baba ńlá wọ̀nyí ń wá lórí òkè? Ààbò ni. Bí a bá sì rò ó dáadáa, a ó rí i pé kò sí ẹni tí ó lè dá sá gun òkè nígbà ogun kí ó gbàgbé ará ilé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Agboolé lódindi ni ó ń lọ: alágbára a di aláìlera mú, ọ̀dọ́ a ti arúgbó lẹ́yìn, ìyá a pọn ọmọ kí ó tó pọ́n òkè. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà kò tún nílò àlàyé fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Òkè pípọ́n lọ́wọ̀ọ́wọ́ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan ni a ti jẹ́ kí ó sùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí ayé òde òní ṣe jí i. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ni àwọn ọ̀tá ń rì. Lawrence Holt, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Blue Funnel, ṣàkíyèsí ohun kan tí ó bà á nínú jẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá rì tí àwọn atukọ̀ bá bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí a fi ń gba ẹ̀mí là, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko ni ó ń tètè kú, àwọn àgbàlagbà a sì máa là á já. Kì í ṣe agbára ni ó wọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà. Ìrírí àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. Holt bá olùkọ́ kan, Kurt Hahn, tí ó sá kúrò ní Jámánì, dámọ̀ràn, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ Outward Bound sílẹ̀ ní Aberdovey, ní ilẹ̀ Wales, ní ọdún 1941. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ ni òkun àti òkè. Ẹ ò rí i pé láti inú èbúté ni ọ̀rọ̀ òkè yìí ti bẹ̀rẹ̀! Àwọn tí ó mọ̀ bí omi ṣe ń pa ènìyàn ni ó kọ́kọ́ sọ pé kí ọmọ lọ kọ́ ọgbọ́n lórí òkè.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1951, ẹ̀kọ́ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Alec Dickson, ará Bìrìtìkó, bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní etíkun tí wọ́n ń pè ní Man O' War Bay, nítòsí ìlú Victoria, tí ó ti ń jẹ́ Limbe báyìí, ní apá gúúsù Kamẹrúùnù tí ìjọba Nàìjíríà ń bójú tó nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣìíríṣìí ẹ̀yà Nàìjíríà pàdé níbẹ̀. Wọ́n ń bá àwọn ará abúlé ṣe ọ̀nà àti afárá, wọ́n sì ń pọ́n Òkè Kamẹrúùnù tí ó ga tó 4,095 mítà. Etí òkun ni òkè náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gùn tó 1,000 mítà, ooru afẹ́fẹ́ a máa dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 sí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, ọmọ tí òógùn bò ní etíkun ní ìdájí lè máa gbọ̀n fún òtútù bí ó bá sún mọ́ ṣóńṣó.

Nígbà tí ìbò ọdún 1961 mú apá gúúsù Kamẹrúùnù kúrò lára Nàìjíríà, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó wá sí àgbègbè Jọ́ọ̀sì. Òun ni ó di Citizenship and Leadership Training Centre, tí a dá sílẹ̀ láti kọ́ ará ìlú ní ìwà ọmọlúàbí àti ìṣe aṣáájú. Ó ní Ilé-ẹ̀kọ́ Òkè ní orí àwọn òkè Shere ní ẹ̀bá Jọ́ọ̀sì, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó 1,800 mítà. Ó sì tún ní Ilé-ẹ̀kọ́ Òkun. Níbo ni Ilé-ẹ̀kọ́ Òkun náà wà? Àpápá ni! Àwọn ọ̀dọ́ tí à ń pè ní Man O' War ní àwọn yunifásítì àti kọ́lẹ́jì wa, tí wọ́n ń kọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ní bí a ti ń fi okùn gòkè ní àgọ́ wọn, láti ara ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni orúkọ wọn ti jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń rí wọn ní àárọ̀ tí wọ́n ń sáré kọrin lè rò pé eré ológun lásán ni wọ́n ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn sí ikú àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Kí ni ẹ̀kọ́ náà gan-an? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgboyà ni. Ìgboyà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ kí a fi òkè Everest ṣe àpẹẹrẹ, òkè tí ó ga jù ní ayé, tí ó ga tó 8,849 mítà. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé Edmund Hillary àti Tenzing Norgay ni ó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó rẹ̀ tí wọ́n sì padà láyọ̀, ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1953. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé wọn kọ́ ni ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ rán lọ. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, John Hunt tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ rán Tom Bourdillon àti Charles Evans. Àwọn méjèèjì pọ́n òkè náà débi pé ohun tí ó kù níwájú wọn kò ju nǹkan bí 100 mítà lọ. Wọ́n ti ń wo ṣóńṣó náà lójú kòró. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mí ti ń dààmú wọn, ọjọ́ sì ti ń lọ. Bí wọ́n bá tẹ̀síwájú, wọ́n lè débẹ̀; pé kí wọ́n padà sílé ni kò dájú. Wọ́n ronú, wọ́n sì yí padà.

Kí ó tó di ìgbà náà, kò sí ọmọ ènìyàn kankan tí a mọ̀ pé ó ti dúró ní ibi gíga bẹ́ẹ̀. Ògo tí kò ní tán ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n padà láàyè, ọ̀nà tí wọ́n là sì wúlò fún àwọn méjì tí ó tẹ̀lé wọn. Nígbà tí ayé wá ń béèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ṣóńṣó nínú Hillary àti Tenzing, èsì tí wọ́n fọwọ́ sí ni pé àwọn jọ débẹ̀ ni. Ọdún 1955 ni Tenzing fúnra rẹ̀ tó sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé Hillary ni ó ṣíwájú. Okùn kan náà ni ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí okùn so mọ́ ẹnì kejì kò lè dá ṣẹ́gun, kò sì lè dá ṣubú.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀: kí a mọ ìgbà tí ó yẹ kí a padà, kí a sì mọ̀ pé iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ni iṣẹ́ ẹni tí ó dé òkè. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni ó ń fi èyí kọ́ ọmọ lórí àga? Nínú kíláàsì, ẹni tí ó ṣe ipò kìíní ni à ń pàtẹ́wọ́ fún, ẹni tí ó kẹ́yìn a sì máa fi ojú pamọ́. Lórí òkè, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lọ́ra jù ni ó ń pinnu bí gbogbo ẹgbẹ́ yóò ti rìn. Alágbára tí ó bá sáré fi àwọn yòókù sílẹ̀ kò ṣe ipò kìíní. Ó ba ìrìn jẹ́ ni.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ibí yìí, ó tọ́ kí a gbọ́ ohun tí àwọn tí kò fara mọ́ ọn ń wí, nítorí agbẹjọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni.

Èkíní, àwọn òbí ń sọ pé ewu wà níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọ lè yọ̀ ṣubú lórí àpáta, omi lè gbé ọmọ lọ, ọkọ̀ sì lè dànù lójú ọ̀nà kí wọ́n tó débẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá sọ fún òbí pé kò sí ewu ti purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Marine Beach tí kò lọ sí òkè, ṣé inú ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó wà? Ó ń sá fún tírélà ní títì, ó ń fo ojú àgbàrá, àwọn mìíràn sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí wọn kò mọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀, láìsí olùkọ́, láìsí okùn. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ewu orí òkè jẹ́ ewu tí a lè kọ́kọ́ jókòó rò. Kí ojú má ribi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò bá sì ní ẹ̀kọ́ kò mọ ibi tí yóò sá sí.

Èkejì, wọ́n ní olówó ni ó ń ṣe irú èyí. Bí ó bá jẹ́ òkè Everest ni, kò sí iyèméjì. Ṣùgbọ́n Olúmọ kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ sí Èkó. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, ọkọ̀ náà ń gba Abẹ́òkúta kọjá. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè wọ̀ ọ́ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, tí kò jìnnà sí Àpápá, kí wọ́n sì padà sílé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Owó tí àwọn òbí ń ná lórí àpèjẹ òpin ọdún kan ṣoṣo lè tó ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọn kan ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Junko Tabei ni ìdáhùn sí ìyẹn. Ọmọ Japan ni, kò ga ju nǹkan bí mítà kan ààbọ̀ lọ. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, olùkọ́ rẹ̀ kó kíláàsì wọn lọ pọ́n òkè Nasu. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ òkè ti wọ ọ lára. Nígbà tí àwọn ọkùnrin kan ń kọ̀ láti bá a pọ́n òkè, ó dá ẹgbẹ́ apọ́nkè tí ó jẹ́ ti obìnrin nìkan sílẹ̀ ní ọdún 1969. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1975, nígbà tí òun pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pọ́n Everest, ìrì dídì ya lulẹ̀ láti orí òkè, ó bò wọ́n mọ́ inú àgọ́. Àwọn ará Sherpa tí ó ń tọ́ wọn sọ́nà ni ó wú u jáde. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ṣóńṣó Everest. Ìyá ọlọ́mọ ni ó jẹ́ nígbà náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyè sí i: ìrìn-àjò kíláàsì kan ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí.

Ẹ̀kẹrin, àwọn ẹlẹ́sìn kan ń bẹ̀rù pé ojúbọ wà lórí àwọn òkè wa. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wíwo ilé onílé kò sọ ènìyàn di ọmọ ilé náà. Ohun tí ó tọ́ ni kí àlejò bọ̀wọ̀ fún onílé: kí ó gba àyè kí ó tó gòkè, kí ó má fọwọ́ kan ohun tí wọ́n bá ní kí ó má fọwọ́ kàn, kí ó má sì da ìdọ̀tí sílẹ̀. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ń ṣe báyìí ní Olúmọ lójoojúmọ́, ẹ̀sìn wọn kò sì bàjẹ́.

Bí àwọn wọ̀nyí bá yé wa, ó ku bí a ó ti ṣe é. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò di ìgbà tí a bá rí òkè kí a tó kọ́ bí a ti ń pọ́n ọn. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní àtẹ̀gùn tí ó tó ogún ẹsẹ̀, ọmọ tí ó bá gùn ún nígbà ọgbọ̀n ti gun 600. Àtẹ̀gùn tí a ṣe sí ara Òkè Ìdànrè lé díẹ̀ ní 600. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà lórí títì pẹ̀lú wúlò fún irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé. Kí ọmọ gbé àpò tí omi wà nínú rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, kí ó lọ sókè, kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́yìn oṣù kan, yóò máa bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ó ti ń gùn ún. Àmì pé ìrìn ẹni bá agbára ẹni mu nìyẹn: kí a lè máa sọ̀rọ̀ láìsí pé èémí ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu.

Kí àwọn olùkọ́ kọ́kọ́ lọ wo òkè náà fúnra wọn, kí wọ́n tó kó ọmọ lọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Olúmọ ni ó yẹ àwọn àkẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Òkè náà kò ga ju 137 mítà lọ, a sì ti ṣe àtẹ̀gùn sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lè lọ sí Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí wọ́n rí Ìyákẹ́, adágún omi tí ó wà lórí òkè. Èyí tí ó bá kù ni kí wọ́n fi pọ́n Ìdànrè.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣíwájú kan àti ẹlẹ́yìn kan. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ṣíwájú aṣíwájú, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ wà lẹ́yìn ẹlẹ́yìn. Kí a fi ẹni tí ó lọ́ra jù sí ẹ̀yìn aṣíwájú gẹ́lẹ́, kí ó lè máa wọn ìrìn fún gbogbo ẹgbẹ́. Bí a bá fi í sí ìparí, ìgbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi ìsinmi ni àwọn tí ó ti sinmi tán yóò dìde, kò sì ní sinmi rárá. Kí a ka iye ènìyàn ní ìsàlẹ̀, kí a kà á ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí a tún kà á nígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀. Kí a tètè bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Kí a sì dá wákàtí ìpadà kí a tó kúrò nísàlẹ̀. Bí aago náà bá lù, yálà a dé òkè tàbí a kò dé òkè, kí gbogbo ẹgbẹ́ yí padà. Olùkọ́ tí kò bá lè pa òfin yìí mọ́ kò yẹ ní ẹni tí à ń fi ọmọ lé lọ́wọ́. Ẹ rántí Bourdillon àti Evans.

Bí ó bá jẹ́ ìrìn inú àfonífojì olómi ni, bíi ti Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta dé orí àpáta ní ìpele méje, ìkìlọ̀ mìíràn wà níbẹ̀. Òjò lè má rọ̀ níbi tí a dúró sí, kí ó sì jẹ́ pé ó ń rọ̀ lókè. Bí omi bá yí àwọ̀ padà lójijì, bí ewé àti igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá, tàbí bí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ sí i, kí gbogbo ènìyàn jáde kúrò nínú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àpáta tí omi ti rin máa ń yọ̀ bí ilá. Kí a má sì fi ààrá ṣeré lórí òkè: bí òjò bá ṣú, ìsàlẹ̀ ni ilé. Àwọn ọmọ ìlú tí ó ń ṣamọ̀nà níbi wọ̀nyí mọ gbogbo èyí ju ìwé lọ. Owó tí a bá san fún wọn kì í ṣe owó ẹ̀bẹ̀. Owó ìmọ̀ ni.

Àwọn tí ó ń pọ́n òkè ní ilẹ̀ òtútù a máa fi ìrì dídì ṣe eré pẹ̀lú. Wọn a so pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀, wọn a máa yọ̀ lórí rẹ̀. Àwa kò ní ìrì dídì. Síbẹ̀, àìní kò di àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Ní ọdún 2018, Ṣeun Adigun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé orúkọ Nàìjíríà dé ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní ilẹ̀ Kòríà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọkọ̀ onígi tí Ṣeun fúnra rẹ̀ kàn ṣe ìdánrawò. Similẹ́dè kò sí fún wọn láti fi kọ́ ọ. Igi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Simidele Adeagbo náà wà níbẹ̀ ní ọdún kan náà, nínú eré tí ènìyàn ti ń dojú bolẹ̀ sáré lórí yìnyín. Ní ọdún 2022, Samuel Ikpefan fi pákó ẹsẹ̀ sáré fún Nàìjíríà ní Beijing. Bí ọmọ ilẹ̀ tí kò ní ìrì dídì bá lè ṣe èyí, kí ni yóò dí ọmọ ilẹ̀ tí ó ní Olúmọ àti Ìdànrè lọ́wọ́ láti pọ́n òkè baba rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù. Ajégúnlẹ̀ jẹ́ ibi tí oríṣìíríṣìí ènìyàn ti pàdé, ó sì ti bí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí ayé gbọ́ orúkọ wọn. Bọ́ọ̀lù ń kọ́ ọmọ láti borí ẹgbẹ́ kejì. Òkè kò ní ẹgbẹ́ kejì. Ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ùròbò tí ó wà lórí okùn kan náà kò ní ẹni tí wọn yóò borí bí kò ṣe ẹ̀rù ara wọn. Bí ọ̀kan bá rẹ̀, gbogbo wọn yóò dúró. Bí omi ọ̀kan bá tán, ẹnì kejì yóò bù fún un. Nígbà tí wọ́n bá sì dé òkè, tí wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọn yóò rí i pé ayé fẹ̀ ju òpópó tí wọ́n ti wá lọ. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹ̀yin olùkọ́, àtẹ̀gùn ilé-ẹ̀kọ́ yín ń dúró dè yín. Ire o.